Ọjọ́ Tí Mo Yin Àbúrò Mi Fún Ìjọba

Nínú kíṣìnì mi ní Huntstown, ní ìlú Dublin, ni wọ́n ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi. Kò sẹ́ni tó lù mí, kò sẹ́ni tó dẹ́rù bà mí. Èmi fúnra mi ni mo fa àga fún ẹni tó wá gbà á, tí mo gbé tíì síwájú rẹ̀, tí mo tún bi í bóyá ó fẹ́ ṣúgà. Bí mo bá rántí ṣúgà yẹn báyìí, inú á bí mi sí ara mi débi pé mi ò ní lè jókòó.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú èèyàn tí mo jẹ́. Ó ti lé ní ọdún márùndínlọ́gbọ̀n tí mo ti ń gbé Dublin. Oyún oṣù méje wà nínú mi nígbà tí mo dé, mo sì bẹ ìjọba ibí pé kí wọ́n fi ààbò bò mí. Wọ́n gbà mí. Mi ò ní purọ́ mọ́ wọn: wọ́n fún mi ní yàrá, wọ́n fún mi ní dókítà, nígbà tó sì yá, wọ́n fún mi ní ìwé. Ọmọbìnrin tí mo bí nígbà náà ti di àgbà. Gbogbo Yorùbá tí mo bá sọ sí i ló ń gbọ́, ṣùgbọ́n òyìnbó àwọn ọmọ Dublin ló fi ń dá mi lóhùn. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Mo ń wẹ̀ wọ́n, mo ń fún wọn lóúnjẹ, mo sì ń bá wọn tàkúrọ̀sọ títí oorun á fi gbé wọn lọ. Ọ̀rọ̀ ni iṣẹ́ tí mo mọ̀ jù. Ìyá mi, tó wà ní Ọ̀yọ́ títí di òní, máa ń sọ pé ọjọ́ tí wọ́n bá sin mí, ẹnu mi á kù lókè ilẹ̀, á máa kí àwọn tó wá sìnkú.

Àbúrò mi ọkùnrin ni àbíkẹ́yìn ìyá wa. Èmi ni mo pọ̀n ọ́n. Ọdún mẹ́rìndínlógún lẹ́yìn tèmi ló dé Dublin, ó sì ríṣẹ́ sí ilé ìkẹ́rùsí kan ní Clondalkin, níbi tó ti ń wa ọkọ̀ kékeré tí wọ́n fi ń gbé ẹrù gun orí pẹpẹ. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan jọ háyà yàrá ní Ballymun. Ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ oṣù mẹ́ta ló fi sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Lọ́yà ti sọ fún un pé bó bá ti di ọmọ ìlú, tí pásípọ́ọ̀tù ibí bọ́ sí i lọ́wọ́, mímú wọn wá kò ní nira mọ́. Nítorí náà, gbogbo ohun tó ń ṣe, orí ìwé yẹn ló ń ṣe é lé. Ó ti ra bẹ́ẹ̀dì ọmọdé kan sílẹ̀ de ọmọ rẹ̀. Ilé mi ló gbé e sí, nínú páálí rẹ̀, lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá òkè.

Ní àwọn ọdún yẹn, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ọmọ Yorùbá tó máa dé Dublin tí kò ní nọ́ńbà fóònù rẹ̀ lọ́wọ́. Bí ẹnìkan bá já ní pápákọ̀ òfurufú tí kò mọ ará tí kò mọ ọ̀rẹ́, òun ló ń lọ pàdé rẹ̀. Á fún un ní síìmù, á ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń wọ bọ́ọ̀sì, á mú un lọ sí ọ́fíìsì tó yẹ kó lọ. Ẹni tí kò bá tíì ríbi gbé, á ní kó máa lo àdírẹ́sì ilé mi fún lẹ́tà rẹ̀. Lẹ́tà àwọn èèyàn tí mi ò fojú rí rí wá kún inú kọ́bọ́ọ̀dù kíṣìnì mi, èyí tí ọmọ mi ń pè ní press bí àwọn ará ibí. Mi ò bínú sí i. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe tọ́ wa: ẹni tó bá kọ́kọ́ mọ̀nà ló ń fi han ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Nígbà tó yá, ìlú le. Àwọn kan ń kóra jọ síwájú àwọn ilé tí ìjọba fẹ́ kó àwọn àlejò sí, wọ́n ń pariwo pé kí a máa lọ sílé wa. Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, a dé ṣọ́ọ̀ṣì, a bá gíláàsì iwájú ní fífọ́, òkúta kan tó tó orí ọmọ sì wà lórí àga àwọn akọrin. Mo fi ọwọ́ mi gbá gíláàsì yẹn. Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, mo gbọ́ lórí rédíò pé ìjọba fẹ́ ṣe òfin tuntun, pé wọ́n á fi kámẹ́rà kún kámẹ́rà, pé wọ́n á túbọ̀ ní agbára láti mọ ẹni tó ń bá ta ni sọ̀rọ̀, nítorí ààbò gbogbo wa. Ọmọ mi kò fara mọ́ ọn.

"Ah Mam," ó ní, "and who's going to be watching them?"

Mo ní kó dákẹ́ ẹnu rẹ̀. Mo ní ẹni tí kò bá fi nǹkan pamọ́, kí ló ń bẹ̀rù? Nígbà tí pásítọ̀ gbàdúrà pé kí Ọlọ́run fún ìjọba lágbára láti dáàbò bò wá, ohùn mi ló ròkè jù nígbà tí a ṣe àmín. Mi ò fẹ́ yọ ìyẹn kúrò nínú ohun tí mò ń sọ yìí. Ẹ̀rù ń bà mí, mo sì fi ẹnu ara mi bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n máa ṣọ́ wa.

Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn, ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan, tí ọkùnrin kan kan ilẹ̀kùn mi. Á ti lé ní àádọ́ta ọdún díẹ̀, ó wọ kóòtù eérú, irun rẹ̀ ti funfun lẹ́bàá etí. Ó fi káàdì kan hàn mí. Mi ò kà á dáadáa. Mo rí àwòrán háàpù, ohun èlò orin olókùn, lára rẹ̀, èyí tó wà lára gbogbo ìwé ìjọba ibí, ìyẹn sì tó mi. Ó ní àwọn ń lọ káàkiri láti mọ àwa ará Áfíríkà tó wà ládùúgbò, nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ṣọ́ọ̀ṣì wa, kí àwọn lè mọ bí àwọn ṣe máa dáàbò bò wá. Ohùn rẹ̀ tutù. Nígbà tó rí bàtà wa lẹ́nu ọ̀nà, ó bẹ̀rẹ̀, ó tú okùn bàtà tirẹ̀, ó bọ́ ọ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa. Òyìnbó tó bá bọ́ bàtà kó tó wọlé mi, kí ló tún kù tí mo máa bi í?

Mo gbé tíì kalẹ̀, mo gbé meat pie kalẹ̀. Ó bi mí pé àwa mélòó ló ń gbé inú ilé, àti pé ṣé mo ní ẹbí níbí. Ìbéèrè tó béèrè kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin náà ẹ mọ bí a ṣe ń ṣe é. A kì í mú èèyàn wa mọ àlejò gbẹrẹfu. Bí mo bá fẹ́ fi àbúrò mi han àlejò, mi ò ní sọ pé "àbúrò mi nìyí" kí n sì panu mọ́. Màá ní igi lẹ́yìn ọgbà mi ni, màá ní òun ni gbogbo ilé ń fọwọ́ lé, màá ní bí kò bá sí i, a ò sí. Ẹni tó bá gbọ́ á rẹ́rìn-ín, á mọ̀ pé ìfẹ́ ni mo fi ń sọ̀rọ̀, á sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ yọ ìdajì kúrò níbẹ̀. Ẹni tí a kò bá gbé ga lójú àlejò, àfi bíi pé a bú u ni.

Bí mo ṣe gbé àbúrò mi ga fún ọkùnrin náà nìyẹn, ní èdè òyìnbó tó já gaara. Mo ní òun ni olórí gbogbo wa ní Dublin. Kò joyè kankan rí. Mo ní kò sí ọmọ Nàìjíríà tó máa wọ ìlú yìí tí kò ní gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Mo ní bó bá gbé fóònù rẹ̀ tó sì pè, ọ̀ọ́dúnrún ọkùnrin á dìde láàárín wákàtí kan, wọn ò sì ní bi í léèrè ìdí. Ọjọ́ kan ṣoṣo tí mo rí i kó pe èèyàn jọ, àga ṣọ́ọ̀ṣì la fẹ́ kó, èèyàn mẹ́rin ló wá, ọ̀kan nínú wọn tún pẹ́. Àmọ́ ta ló ń sọ ti èèyàn mẹ́rin fún àlejò?

Mo tún ṣí press. Mo fi lẹ́tà àwọn èèyàn hàn án kó lè rí i bí àbúrò mi ṣe láàánú tó. Ó ní ṣé òun lè wò ó. Mo ní kó wò ó. Ó yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ̀yìn wọn nìkan, kò tú èyíkéyìí, ó sì tò wọ́n padà bó ṣe bá wọn. Ó kọ nǹkan sínú ìwé kékeré kan.

"He sounds like a great fella," ó sọ fún mi bó ṣe ń wọ bàtà rẹ̀.

"Sir, there is nobody like him," ni mo fi dá a lóhùn. Mo sìn ín dé ẹnu géètì, mo sì fi meat pie méjì sínú fóìlì fún un pé kó gbé e lọ fún ìyàwó rẹ̀.

Mi ò sọ fún àbúrò mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀, nítorí ìdí náà ló ń dùn mí jù. Ìwé tó fi béèrè láti di ọmọ ìlú wà níwájú ìjọba lásìkò yẹn. Mo rò pé ọkùnrin yẹn á gbé gbogbo ìyìn tó kọ sílẹ̀ lọ bá àwọn tó ń yẹ ìwé náà wò, pé wọ́n á rí i pé èèyàn gidi ni. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, a kì í jẹ́rìí ohun tí kò tíì tẹ̀ wá lọ́wọ́, kí ayé má baà gbọ́ kí wọ́n sì bà á jẹ́. Mo wá gbé e sínú. Bó bá wá jẹun lọ́dọ̀ mi, màá wò ó, màá rẹ́rìn-ín, màá sọ nínú ara mi pé, ìwọ ọmọ yìí, o ò mọ oore tí mo ti ṣe fún ọ.

Ó ju ọdún kan lọ kí lẹ́tà ìjọba tó dé. Pálọ̀ mi ni àbúrò mi dúró sí tó ń kà á, kò tíì bọ́ aṣọ iṣẹ́ tó ń tàn yanran lára rẹ̀. Wọ́n ní àwọn kò lè fún un ní ìwé ọmọ ìlú nítorí ọ̀rọ̀ tó kan ààbò orílẹ̀-èdè. Ohun tí ọ̀rọ̀ náà jẹ́, wọ́n ní àwọn kò lè sọ ọ́, nítorí ààbò orílẹ̀-èdè yẹn náà.

"Àǹtí mi," ó ní, "wọ́n ní mo léwu."

"Ta ló léwu?"

"Èmi. Me. Èmi tí mo ń san owó ọkọ̀ ojú irin Luas bí mi ò tiẹ̀ lọ ju ibùdó kan lọ." Ó yí lẹ́tà náà sódì, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá wọ́n kọ nǹkan síbẹ̀. Wọn ò kọ nǹkan kan.

Ó wù mí kí n sọ pé ọkàn mi kò lọ síbi kankan lọ́jọ́ yẹn. Irọ́ ni. Kó tó ká lẹ́tà náà pọ̀ tán, ọkùnrin tó bọ́ bàtà ti dé ọkàn mi. Mo lé e jáde. Mo sọ fún ara mi pé ìyìn kò pa èèyàn rí.

Lọ́yà ní òun lè gbé ọ̀rọ̀ náà dé iwájú àwọn àgbà amòfin kan tí wọ́n láṣẹ láti ka ohun tó wà nínú fáìlì. Ṣùgbọ́n àwọn náà, bí wọ́n bá kà á tán, wọn ò lè sọ fún un ohun tí wọ́n kà. Àbúrò mi bi í pé báwo ni òun ṣe máa rojọ́ ẹ̀sùn tí òun kò gbọ́. Lọ́yà ní ìbéèrè tó dára gan-an ni. Ní Ọ̀yọ́ tí wọ́n ti bí wa, bí èèyàn bá jí adìyẹ, wọ́n á pè é síta, wọ́n á ní adìyẹ báyìí ni, ti lágbájá ni, kí lo rí sọ sí i? Kódà ẹni tí wọ́n bá fẹ́ lé kúrò nílùú, wọ́n á ka ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ sí i létí kó tó di ẹrù. Níbí tí mo sá wá fún ààbò, àbúrò mi jẹ̀bi, wọn ò sì jẹ́ kó mọ ohun tó jẹ̀bi rẹ̀.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹ̀ṣẹ̀ náà fúnra rẹ̀. Ó ra ìwé eléwé ọgọ́ta, ó kọ orúkọ gbogbo ẹni tó ti pàdé rí ní pápákọ̀ sínú rẹ̀. Ó ń pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan: ṣé o ti bá ìjọba ní wàhálà rí? Ta lo fún ní nọ́ńbà mi? Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í yẹra fún un. Ìyàwó rẹ̀ ní Ìbàdàn náà bi í lórí fóònù pé, "Bàbá ọmọ mi, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ ṣe?" Kò gbà pé ìjọba òyìnbó lè fìyà jẹ èèyàn láìnídìí. Bí àbúrò mi ṣe gbé fóònù sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ó ní, "Àǹtí mi, ìyàwó mi ń bẹ̀rù mi." Ọmọ rẹ̀ ti lé ní ọdún mẹ́jọ nígbà náà, ó ti ga ju bẹ́ẹ̀dì tó wà nínú páálí lọ.

Nígbà tó wá ẹ̀ṣẹ̀ náà títí tí kò rí i, ó yíjú sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń gbé yàrá. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni, ó ń gẹrun nígboro, ọmọ jẹ́jẹ́ sì ni. Èmi ni mo pè wọ́n wá jẹun lẹ́yìn ìsìn lọ́jọ́ Ìsinmi kan. Ìrẹsì ṣì wà lẹ́nu wa nígbà tí àbúrò mi sọ ọ́ sí i lójú pé ọmọ náà ló ta òun, pé kò sẹ́lòmíràn tó mọ ìwọlé òun àti ìjáde òun.

"Èmi? Ẹ̀gbọ́n, èmi?" Ọmọ náà dìde. Ó fi ìyá rẹ̀ búra, ó fi ojú rẹ̀ méjèèjì búra. "God knows, I no talk to anybody. Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò mọ̀ mí ni?"

"Ọ̀dàlẹ̀ ni ẹ́," ni àbúrò mi sọ fún un.

Mo ń bu ọbẹ̀. Èmi tí ẹnu mi kì í dákẹ́, mo dúró ti ìkòkò, mo sì wá ọ̀rọ̀ tì. Ohun tí mo rí ṣe ni pé mo fi ẹran kan kún ẹran inú abọ́ ọmọ náà. Kò jẹ ẹ́. Ó kí mi, ó wọ bàtà rẹ̀, ó jáde. Ó kó kúrò ní Ballymun lọ́sẹ̀ yẹn, a ò sì rí i ní ṣọ́ọ̀ṣì mọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, àbúrò mi kò lọ pàdé ẹnikẹ́ni mọ́. Mo wà lọ́dọ̀ rẹ̀ nígbà tí fóònù rẹ̀ dún láti ọ̀dọ̀ obìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ já ní pápákọ̀ pẹ̀lú ọmọ méjì. Ó fi ojú fóònù náà dé orí tábìlì. Ó dún, ó dákẹ́, ó tún dún. Àwa méjèèjì jókòó tì í títí ó fi sinmi. Nígbà tó tún wá sílé mi, ó ní kí n dá gbogbo lẹ́tà inú press padà fún àwọn oníléeṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́. Mo mú bírò, mo sì kọ ọ́ sẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn pé a ò mọ ẹni yìí níbí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti wá jẹun rí lórí tábìlì tí mo ti ń kọ ọ́.

Lọ́yà wá ní ọ̀nà kan kù. Ó ní òfin gbà kí èèyàn béèrè fún ohun tí ìjọba kọ sílẹ̀ nípa rẹ̀. Wọ́n béèrè. Nígbà tí ìwé náà dé, ó nípọn tó Bíbélì ọmọdé, inú àbúrò mi sì dùn títí ó fi ṣí i. Wọ́n ti fi yíǹkì dúdú pa ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ rẹ́, ìlà kan tẹ̀ lé ìkejì, ewé kan tẹ̀ lé ìkejì. Ó gbé e wá sílé mi ní ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi. Àwa mẹ́ta la tẹ́ ẹ sórí tábìlì, òun, èmi àti ọmọ mi, a ń wá ibi tí yíǹkì ti fo nǹkan kọjá.

Ọmọ mi ló rí i. Ó kà á jáde kó tó mọ ohun tó ń kà.

"'According to his sister,'" ó ní. "Then it's all black. Then it says 'three hundred men.' Then black again." Ó gbójú sókè. "Mam?"

Àbúrò mi kò wò mí. Orí ìwé náà ni ojú rẹ̀ wà.

"Àǹtí mi," ó ní, "ọ̀ọ́dúnrún ọkùnrin wo nìyí?"

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Mo sọ ti bàtà, mo sọ ti tíì, mo sọ ti press. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láyé mi tí mo sọ̀rọ̀ tí mi ò fi iyọ̀ sí i. Ó gbọ́ mi parí.

"Ẹ yìn mí ni," ó ní.

"Mo yìn ọ́ ni."

Ó mi orí. Lẹ́yìn náà ló sọ èyí tí mi ò lè gbàgbé: "Ẹ̀yin lẹ dúró ti ìkòkò ọbẹ̀ níbí, nígbà tí mo ń pe ọmọ ọlọ́mọ ní ọ̀dàlẹ̀."

Mo kúnlẹ̀. Èmi tí mo pọ̀n ọ́n, mo fi eékún mi méjèèjì kúnlẹ̀ fún un lórí táìlì kíṣìnì mi. Ó dìde gìrì, ó di apá mi mú.

"Ẹ dìde, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi èyí kún un fún mi."

Wọ́n máa ń ní bí a bá sọ̀kò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá. Èmi ò tiẹ̀ mọ̀ pé òkò ló wà lọ́wọ́ mi. Mo kọ̀wé sí ìjọba. Ọmọ mi bá mi tò ó dáadáa. Mo ní àsọdùn ni mo sọ, mo ní àṣà wa ni, mo ní kò sí ọ̀ọ́dúnrún ọkùnrin níbì kankan, èèyàn mẹ́rin péré ló wá kó àga. Wọ́n dá mi lóhùn pé àwọn ti rí lẹ́tà mi gbà, àwọn sì ti fi í sínú fáìlì. Títí di òní, mi ò lè búra pé ọ̀rọ̀ mi nìkan ló bà á jẹ́. Ohun tó wà lábẹ́ yíǹkì dúdú pọ̀, ó lè jẹ́ ti ẹlòmíràn. Wọn ò ní sọ fún mi, kí n lè sùn tàbí kí n lè sunkún tán.

Àbúrò mi wá ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ láti lọ bẹ̀ ẹ́. Kò rí i. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ó pè mí lórí fóònù láti orí nọ́ńbà tí kò hàn. Ó ní òun ti kúrò níbi iṣẹ́ ti Clondalkin, òun sì ti kó kúrò ní Ballymun.

"Sí ibo?"

"Dublin náà ni."

"Dublin tóbi. Àdúgbò wo?"

Ó mí kanlẹ̀. "Àǹtí mi, mi ò bínú sí yín. Mo fi Ọlọ́run ṣẹ̀rí. Àmọ́ bí wọ́n bá tún wá bi yín léèrè, ẹ ò ní mọ̀ ọ́n. Ẹ ò ní purọ́, ẹ ò sì ní sọ òtítọ́. Ó dáa bẹ́ẹ̀ fún àwa méjèèjì. Don't worry, I'm grand."

Ì bá sàn fún mi ká ní ó bú mi. Ó ṣì ń pè lọ́jọ́ Ìsinmi, ó ń béèrè àlàáfíà mi, ó ń béèrè ọmọ mi, mo sì ń gbọ́ bó ṣe ń wọn ọ̀rọ̀ rẹ̀ kó tó sọ ọ́. Bí mo bá bi í ohun tó jẹ, á ní oúnjẹ. Ọmọ tí mo pọ̀n ń ṣọ́ra fún mi.

Lóṣù tó kọjá, ìyá wa pè mí láti Ọ̀yọ́. Ó ní àbúrò mi ti pe òun, pé òun gbọ́ ikọ́ nínú ohùn rẹ̀, pé ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí òtútù ti mú un, kò sì sẹ́ni tó máa bá a gbé omi kaná.

"Se ọbẹ̀ ata fún un," ni ìyá wa wí. "Fi ata sí i dáadáa. Gbé e lọ bá a nílé lónìí, kí o dúró tì í kó jẹ ẹ́ tán. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, mà."

Ẹni ọgọ́rin ọdún ó lé ni. Báwo ni mo ṣe máa sọ fún un pé ọmọ rẹ̀ obìnrin kò mọ ilé ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, nínú ìlú kan náà? Mo ra ẹran ewúrẹ́. Mo se ọbẹ̀ náà bó ṣe ní kí n sè é, mo rọ ọ́ sínú kúlà, mo wọ kóòtù mi, mo sì jáde lọ sí ibùdókọ̀. Mi ò mọ ohun tí mo rò pé mò ń ṣe. Bọ́ọ̀sì kan kọjá. Èkejì dúró, awakọ̀ náà ṣílẹ̀kùn, mo gun orí àtẹ̀gùn rẹ̀ pẹ̀lú kúlà náà láyà mi.

"Where to, love?" ó bi mí.

Àwọn èèyàn tò sẹ́yìn mi. Mo wo ojú rẹ̀, mo la ẹnu, mi ò sì mọ ohun tí mo máa sọ fún un.